Ẹrẹ̀ Kọ́ Ló Ń Kán Ṣáàfù: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ọ̀pá Tó Ń Yí Táyà Jíìpù Yín

Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtóìkín lásìkò òjò rí, tí ẹ sì yà wọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà oko tó wà lápá Ìmọ̀tà tàbí Àgbọ̀wá, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i: jíìpù kan tàbí Hilux kan dúró sáàárín ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń ké, gíà wà nínú, àmọ́ ọkọ̀ ò lọ. Ẹ́ńjìnnì ò ní àìsàn kankan. Gíà náà ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀pá irin kan ló kán nínú ìdí ọkọ̀, èyí tí àwọn mọ́kálíìkì ń pè ní ṣáàfù.

Kí ni olówó ọkọ̀ máa ṣe? Lọ́dọ̀ọ́ wa níbí, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀. Èkíní, kó gbé e lọ bá jórinjórin kó bá a jó o pọ̀. Èkejì, kó lọ ra tòkunbọ̀ ní Ladípọ̀ tàbí Òwòdé Onírin. Ẹ̀kẹta, tó bá lówó lọ́wọ́, kó ra èyí tó nípọn jù ú lọ, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi fọ́ò-wíìlì wọ inú igbó àti àbàtà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé owó nìkan ló ya ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lè pa èèyàn. Èyí tó dáa jù nínú wọn náà lè ba nǹkan mìíràn jẹ́ lára ọkọ̀ yín bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kò le rárá.

Iṣẹ́ wo gan-an ni ṣáàfù ń ṣe?

Agbára máa ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì, á gba inú gíà kọjá, á gba orí ọ̀pá gígùn tó wà lábẹ́ ọkọ̀, á dé inú àgbá irin rìbìtì tó wà láàárín àwọn táyà ẹ̀yìn. Inú àgbá yẹn ni differential wà. Òun ló ń pín agbára sọ́tùn-ún àti sósì kí táyà kan lè yára ju ìkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Láti inú differential, ṣáàfù kan lọ sí táyà ọ̀tún, ìkejì lọ sí tòsì. Eyín wẹ́wẹ́ ló yí orí ṣáàfù ká níbi tó ti wọ inú differential, kó má baà yọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ ṣáàfù ni kí wọ́n máa lọ́ ọ. Ẹ rántí bí a ṣe ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀: ọwọ́ kan lọ́ ọ síwájú, ọwọ́ kejì lọ́ ọ sẹ́yìn. Differential ni ọwọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀ tó di táyà mú sì ni ọwọ́ kejì. Agbára tó ń lọ́ nǹkan báyìí ni a ó máa pè ní agbára ìlọ́. Newton-metre la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fi súpánà tó gùn ní mítà kan tú nọ́ọ̀tì, tí ẹ sì fi ìwúwo tó tó kílò 10 tẹ ìparí rẹ̀, ẹ ti fi agbára ìlọ́ tó tó nǹkan bí 100 newton-metre sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mú agbára ìlọ́ 240 newton-metre jáde. Gíà kìíní sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Gíà kékeré fọ́ò-wíìlì, èyí tí a máa ń kó sí nínú ẹrẹ̀, tún sọ ọ́ di ìlọ́po 2 àti ààbọ̀. Differential tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Ẹ ṣírò rẹ̀: 240 × 4 × 2.5 × 4 jẹ́ 9,600 newton-metre. Bí a bá pín in sí táyà mẹ́rin dọ́gba-dọ́gba, 2,400 ló kan ṣáàfù kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé kí èèyàn tó wọn kílò 80 mẹ́ta jókòó sí ìparí súpánà tó gùn ní mítà kan. Irin tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ ló sì máa gbé e.

Kí ló dé tí kì í kán lójoojúmọ́?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé táyà máa ń yọ̀ kí agbára tó pé. Ẹ fojú inú wo táyà bíi fúùsì tó wà nínú iná ilé yín: bí iná bá ti pọ̀ jù, fúùsì á jó kí ohun èlò má baà bàjẹ́. Táyà náà á yọ̀ kí ṣáàfù má baà kán.

A lè ṣírò ibi tó ti máa yọ̀. Ká ní kílò 600 lára ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà kan, tí ìdajì ìbú táyà yẹn sì jẹ́ 0.38 mítà. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó le, kò ní lè gba agbára ìlọ́ tó ju nǹkan bí 1,800 newton-metre lọ kó tó yọ̀. Nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, nǹkan bí 700 ló máa gbà, á ti máa yí lásán. Ṣé ẹ rí i? Nínú ẹrẹ̀ gan-an ni ara ṣáàfù ti fúyẹ́ jù. Ẹrẹ̀ kọ́ ló ń kán an.

Kí wá ni? Ohun méjì.

Àkọ́kọ́ ni ẹrù. Ẹ kó gbágùúdá tàbí iyanrìn kún ẹ̀yìn Hilux yẹn títí ìwúwo orí táyà kan fi di kílò 900. Táyà ti di ilẹ̀ mú dan-indan-in báyìí. Kò ní yọ̀ títí agbára ìlọ́ á fi dé nǹkan bí 2,700. Fúùsì yín ti nípọn sí i, ẹ ò sì tíì pààrọ̀ ohunkóhun nínú ọkọ̀. Táyà ńlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ìdajì ìbú rẹ̀ bá kúrò ní 0.38 tó di 0.42 mítà, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ ṣáàfù á fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lé sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́kọ́ ra táyà ńlá nítorí pé ó wuyì lójú fi máa ń padà wá ra ṣáàfù.

Ìkejì ni ìjá lójijì. Ilẹ̀ apá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ibòmíràn jẹ́ ilẹ̀ pupa, ibòmíràn iyanrìn, ibi tó sì súnmọ́ ọ̀sà jẹ́ àbàtà. Lójú ọ̀nà oko kan náà, ọkọ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, kó sì gun yangí líle ní ìgbésẹ̀ kan péré. Ẹ wo awakọ̀ tó ti há: ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, táyà ń yí fììì nínú omi ẹrẹ̀, lójijì ó kan yangí tàbí pákó tí wọ́n jù sábẹ́ rẹ̀. Táyà tó ń sáré yìí dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo eré tó wà nínú táyà, nínú gíà àti nínú ẹ́ńjìnnì ní láti lọ síbì kan, orí ṣáàfù ló sì ń lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: okùn tó lè fa ewúrẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ lè já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì já a gbà lójijì.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ lórí bí ṣáàfù ṣe lè lágbára sí i kò ná yín ní kọ́bọ̀: bí táyà bá ti ń yí lásán, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò, ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó rọra fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Mìlímítà mẹ́ta péré

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ṣáàfù tó nípọn. Bí ẹ bá lọ́ ọ̀pá irin, kì í ṣe gbogbo inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ dọ́gba. Ojú ìta ló ń jìyà jù. Àárín gbùngbùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Nítorí èyí, ohun tí ẹ bá fi kún ìta, bó ti wù kó kéré tó, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Òfin rẹ̀ ni pé agbára ọ̀pá ń pọ̀ bí ìbú rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta: ẹ fi ìbú ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ tún fi ìbú náà ṣe ìlọ́po èyí tí ẹ rí.

Ẹ jẹ́ ká fi agbára ìlọ́ 2,400 tí a rí lẹ́ẹ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìnira tó ń bá ojú irin nìyí:

Ṣáàfù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30: nǹkan bí 450 megapascal.
Ṣáàfù mìlímítà 33: nǹkan bí 340.
Ṣáàfù mìlímítà 36: nǹkan bí 260.

Kí ni megapascal? Ká fi sìmẹ́ǹtì ṣàlàyé rẹ̀. Ìnira 450 megapascal dà bíi kí ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lé orí ibi tí kò tóbi ju mìlímítà kan níbùú lóròó lọ, ibi tó kéré ju orí ìṣó lọ. Gbogbo ojú ṣáàfù yẹn, ibi kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ ló ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì tirẹ̀.

Ẹ wo bí mìlímítà 3 péré ṣe mú ìdá mẹ́rin ìnira náà kúrò. Ohun tó wà nídìí ọjà àwọn tó ń ta ṣáàfù tó nípọn nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Nǹkan mìíràn tún wà tí yóò yà yín lẹ́nu. Ṣáàfù kì í dúró gbagidi. Bí èyí tó nípọn ní mìlímítà 30 bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, agbára ìlọ́ 2,400 yóò lọ́ orí rẹ̀ kan kúrò níbi tí orí kejì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n igun 16. Ó ju ohun tí abẹ́rẹ́ aago gígùn ń rìn ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Bí agbára bá sì dẹ̀, á padà sí àyè rẹ̀ bíi sípíríìnì. Yíyí tó ń yí padà yìí wúlò, òun ló ń gba apá kan nínú ìjá lójijì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń jẹ́ kí àárín ṣáàfù tín-ín-rín díẹ̀ ju orí rẹ̀ tó ní eyín lọ: wọ́n fẹ́ kí ìlọ́ náà pín káàkiri gbogbo gígùn rẹ̀, kó má baà kó jọ sídìí eyín. Bí ẹ bá rí ṣáàfù olówó ńlá tí àárín rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ má sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.

Irin ju irin lọ

Ìbú nìkan kọ́. Ẹ bi àwọn alágbẹ̀dẹ wa léèrè. Láti ayébáyé ni wọ́n ti mọ̀ pé àdá tó gbóná pupa, tí wọ́n rì bọ omi, yóò le ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Wọ́n sì tún mọ̀ pé bó bá le jù, ó lè fọ́ bí ìgò. Nítorí náà, wọ́n á tún yá a níná díẹ̀ kó lè rọ̀ níwọ̀nba. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣáàfù ń lò.

Wọ́n á mú irin tí ìwọ̀n carbon inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á fi iná mànàmáná gbé ojú rẹ̀ nìkan gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì da omi sí i lójú ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ á le koko, àárín á ṣì rọ̀ díẹ̀. Ẹ rí ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀: ojú ìta tó ń jìyà jù ni wọ́n fún ní agbára jù, inú tó rọ̀ ni kò sì jẹ́ kó fọ́ bí ìgò. Èyí tó wọ́n jù ni irin tí wọ́n fi nickel, chromium àti molybdenum sí, bíi irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 4340. Iná àti omi lè mú kí èyí le wọ inú lọ́hùn-ún, kó má sì fọ́.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣáàfù méjì lè rí bákan náà, kí ìbú wọn dọ́gba, kí ọ̀kan sì lágbára tó ìkejì lọ́nà méjì. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ló dé tí jíjó o pọ̀ ò fi lè ràn yín lọ́wọ́?

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró dáadáa. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn jórinjórin wa. Géètì, ààrò, kànga, àwọn ló ń ṣe wọ́n. Àmọ́ ṣáàfù kì í ṣe géètì.

Ẹ wo ọ̀pá tí wọ́n sábà fi ń jó irin. Ọ̀pọ̀ páálí rẹ̀ ní E6013 lára. Nọ́ńbà 60 yẹn ń sọ fún wa pé bí wọ́n bá fa irin tó ti ara ọ̀pá náà jáde, nǹkan bí 414 megapascal ni ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ṣèlérí pé ó máa gbà kó tó já. Àmọ́ fífà kọ́ là ń fa ṣáàfù, lílọ́ ni. Bí a bá ń lọ́ irin, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá iye yẹn ló ń gbà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 240. Ṣáàfù wa sì nílò 450. Bí jórinjórin náà bá tilẹ̀ mọṣẹ́ tó ẹnikẹ́ni lágbàáyé, tó jó o láìsí ihò kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ìṣirò ò kàn bá a mu.

Ó tún kù. Iná ìjórin ti ba iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó gbóná gan-an, ó sì tutù lójijì nítorí ìyókù irin fa ooru náà lọ. Ibẹ̀ á le bí ìgò. Síwájú díẹ̀ sí i, ooru náà ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ti mú ojú líle tí wọ́n dìídì ṣe rọ̀. Ibi tó le jù àti ibi tó rọ̀ jù wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni yóò ti kán.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lójú títì, tí ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ láìrù púpọ̀, agbára ìlọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ ṣáàfù kéré gan-an sí 2,400. Ṣáàfù tí wọ́n jó pọ̀ lè fara da ìyẹn. Olówó ọkọ̀ á sọ pé, "Ṣé ẹ rí i, ó ṣiṣẹ́." Ọjọ́ tí ó bá wá kó ẹrù, tó kan yangí, tàbí tó fẹ́ yára kọjá níwájú tírélà, ọjọ́ yẹn ni ìdánwò gidi.

Bí ògiri ò bá lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Irin náà ń bọ̀ wá lanu, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní àárẹ̀ irin.

Ẹ̀jẹ̀ ni ayé fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1842, ọkọ̀ ojú irin kan tó ń ti Versailles padà sí Paris ní ilẹ̀ Faransé dojú dé ní Meudon nítorí pé axle ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kán. Iná ràn, ó sì lé ní 50 èèyàn tó kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William Rankine, ọ̀dọ́ ẹnjiníà ará Scotland tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 23, kọ̀wé lórí bí axle ṣe ń kán: ó fi hàn pé ojú ibi tó ti sán ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìta kó tó di pé ó já. Lẹ́yìn náà, August Wöhler ní ilẹ̀ Jámánì fi ọ̀pọ̀ ọdún yí axle lábẹ́ ẹrù léraléra, ó sì ń ka iye ìgbà tó yí kó tó kán. Ó rí i pé ẹrù tí kò lè kán irin lẹ́ẹ̀kan lè kán an bó bá ń padà wá nígbà gbogbo. Ó tún rí i pé bí a bá dín ìnira náà kù díẹ̀, iye ìgbà tí irin ń gbà á ń pọ̀ sí i lọ́nà tó kọjá àfẹnusọ.

Ẹ gbé èyí wá sílé. Táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.76 mítà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 420 nínú kìlómítà kan. Bí ọkọ̀ bá rin nǹkan bí kìlómítà 2,400, ó ti yí ní mílíọ̀nù kan ìgbà. Lára irú ṣáàfù tó ń gbé ìwúwo ọkọ̀, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, ìwúwo yẹn ń tẹ̀ ẹ́ sókè sódò nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí. Nítorí náà, èrè ńlá tó wà lára mìlímítà 3 yẹn ju pé kó má kán lọ́jọ́ kan lọ. Ó ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ẹ̀mí irin náà.

Bí ṣáàfù bá kán, ẹ má jù ú nù láìwò ó. Bí ojú ibi tó kán bá ní apá kan tó dán, tó ní àwọn ìlà tó tẹ̀ bí èyí tí omi ọ̀sà fi sílẹ̀ sórí iyanrìn nígbà tó ń fà sẹ́yìn, àárẹ̀ ló kán an: ó ti pẹ́ tó ti ń sán. Bí ó bá kán lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní rí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì kan nísinsìnyí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ títí á fi kán. Ẹ wo ojú rẹ̀: ó kán níbùú, ó yí bí ìgbín. Ohun tó le tí kò sì lè tẹ̀ ló máa ń kán báyẹn. Irin tó ṣì rọ̀ máa ń já gbọọrọ, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu.

Ẹ mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín

Lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, ẹ wo àárín táyà ẹ̀yìn típà tó ń kó iyanrìn. Ẹ ó rí ìdérí irin kan tó yọ síta, tí bóòtì yí i ká. Orí ṣáàfù nìyẹn. Lára irú ọkọ̀ yìí, àgbá irin tó bo ṣáàfù ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀, táyà sì dúró lórí bearing tó wà lára àgbá náà. Lílọ́ nìkan ni iṣẹ́ ṣáàfù. Bó bá kán, táyà ò lọ síbì kankan, wọ́n á tú bóòtì, wọ́n á fa ṣáàfù jáde, wọn ò tilẹ̀ ní gbé ọkọ̀ sókè. Wọ́n ń pè é ní full-floating. Land Cruiser 79 ní in lẹ́yìn. Àwọn Land Rover àtijọ́ náà ní in, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn awakọ̀ wọn lè máa gbé ṣáàfù mìíràn dání kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ Hilux àti jíìpù tí a ń wà kò rí bẹ́ẹ̀. Semi-floating ni tiwọn: ara ṣáàfù gan-an ni wọ́n de táyà mọ́. Ó ń lọ́, ó sì tún ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Bí irú èyí bá kán níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bearing, táyà lè yọ kúrò lára ọkọ̀ pátápátá pẹ̀lú bírékì rẹ̀. Ẹ ronú lórí ṣáàfù semi-floating tí wọ́n jó pọ̀, nínú Hilux tó kó èèyàn mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìdí tí mo fi sọ lókè pé ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta yẹn lè pa èèyàn nìyẹn.

Bí ẹ bá mú ibì kan le, agbára á wá ibòmíràn lọ

Bí ṣáàfù ò bá kán mọ́, ìjá lójijì yẹn ò tíì lọ. Ó máa wá ohun tó kàn: eyín differential, CV joint, tàbí ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀. CV joint, tí iṣẹ́ Alfred Rzeppa ní àwọn ọdún 1920 sọ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, ló ń jẹ́ kí táyà iwájú lè yà kó sì máa yí. Bí a bá ṣe ń yí ìdarí tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó. Nítorí náà, ẹ má ṣe yí ìdarí dé òpin kí ẹ tún wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ihò.

Ẹni tó bá fi locker sínú differential gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Locker ń so táyà ọ̀tún àti òsì pọ̀, bí ọ̀kan bá wà lófuurufú, gbogbo agbára á lọ bá ìkejì. Ṣáàfù tó ń gba 2,400 lè wá bá ara rẹ̀ lábẹ́ 4,800. Ẹni tó bá ra locker láìra ṣáàfù ti ra idà láìra àkọ̀.

Ìbéèrè tó yẹ ni pé, "Èwo ni mo fẹ́ kó kán?" Ó yẹ kó jẹ́ ohun tó rọrùn láti pààrọ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí táyà yọ. Ṣáàfù full-floating bá èyí mu dáadáa. Eyín differential kò bá a mu, nítorí á fọ́ sínú ọ́ìlì, á sì ba gbogbo inú rẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó sanwó ní Ladípọ̀ tàbí Òwòdé

Tòkunbọ̀ tó dáa sàn ju èyí tí wọ́n jó pọ̀ lọ. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Ẹ wo eyín orí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tọ́ gbọọrọ. Bí eyín bá ti yí díẹ̀ bí okùn, wọ́n ti lọ́ ọ kọjá ibi tó ti lè padà. Ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́n tó.

2. Ẹ yí i lórí gíláàsì tàbí táìlì tó tẹ́jú. Bó bá ń fò, ó ti tẹ̀.

3. Ẹ fi okùn gbé e kọ́, kí ẹ fi irin kékeré kàn án. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń kan ìkòkò lọ́jà kí wọ́n tó rà á: èyí tó dáa á dún gbaaan, èyí tó ti sán á dún bí ẹni tí òtútù mú.

4. Ẹ wo ibi tí bearing àti róbà ọ́ìlì ń jókòó. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ògiri ti máa lanu.

5. Ẹ fi kẹrosíìnì àti ẹfun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fi ń wá ibi tó sán láyé àtijọ́ nìyí. Ẹ fọ ṣáàfù mọ́, ẹ fi kẹrosíìnì kùn ún dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wá fi ẹfun lílọ̀ pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ibì kan bá ti sán, kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ á jáde, á sì fa ìlà dúdú sára ẹfun. Ẹ má ṣe é nítòsí iná. Ibi tó sán dé ojú ìta nìkan ló ń fi hàn.

6. Ẹ bèèrè iye eyín àti gígùn rẹ̀. Ṣáàfù tó nípọn tí eyín rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò ní wọ inú differential yín. Nígbà míì, ẹ ní láti ra inú differential náà mọ́ ọn. Ẹ ṣírò owó méjèèjì pọ̀.

Ẹ má gbàgbé omi. Bí ẹ bá ti wọ omi tó bo ìdí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí mọ́kálíìkì yẹ ọ́ìlì differential wò. Àgbá tó gbóná tó kan omi tútù lójijì máa ń fa omi wọlé gba ibi róbà tó ti gbó. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bíi mílíìkì, ẹ dà á nù lọ́jọ́ yẹn. Ìpẹtà ò mọ̀ bóyá ṣáàfù yín jẹ́ olówó pọ́ọ́kú tàbí olówó iyebíye.

Bí owó yín ò bá tíì tó ra èyí tó nípọn, ẹ dín ẹrù kù, ẹ dá táyà padà sí ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fi sí i, kí ẹ sì ra tòkunbọ̀ tí ẹ ti yẹ̀ wò. Bí jórinjórin àdúgbò bá sọ pé òun á bá yín jó ṣáàfù pọ̀, ẹ bá a dá àpárá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé géètì yín fún un.